Crépin Béèrè Àáró Lọ́wọ́ Bàbá Élodie

Abẹ́rẹ́ ni Élodie mú lọ́wọ́ nígbà tí Crépin kọ́kọ́ rí i, ohun tí Crépin sì ṣe ni pé ó dákú.

Ẹ má jẹ́ kó sọ fún yín pé òun ò dákú o. Èmi Táòfíkì wà níbẹ̀. Èmi ni mo gbé e láti oko wá sí ilé ìwòsàn Adakplamè lọ́jọ́ tí àdá bù ú lẹ́sẹ̀. Iṣẹ́ sẹ́mì ni mo ń ṣe, mo ń fi alùpùpù gbé èrò kiri ọ̀nà Kétu, Kpankou àti Adakplamè. Mo ti gbé aláboyún rí, mo ti gbé ewúrẹ́, mo ti gbé pósí. Ṣùgbọ́n ọ̀rẹ́ mi yìí lẹni àkọ́kọ́ tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kún inú bàtà mi.

Màmá Rosalie, agbẹ̀bí tó jẹ́ ọ̀gá níbẹ̀, ní kí ọmọbìnrin kan wá ran òun lọ́wọ́. Ọmọ ilé ìwé ni, ó máa ń wá síbẹ̀ nígbà ìsinmi. Ó tẹ́ẹ́rẹ́, ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀, kò sì jọ ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ń dẹ́rù bà. Ó fọ ojú ọgbẹ́ náà mọ́ tónítóní, ó wá gbé abẹ́rẹ́ fún Màmá Rosalie.

"Ṣé ó máa ta mí?" Crépin béèrè.

"Ó máa ta yín díẹ̀," ni ọmọbìnrin náà wí.

Gbì! Ọkùnrin tó ń dá ṣán odidi igbó ṣubú lulẹ̀.

Nígbà tó lajú, ọmọbìnrin náà ló ń fi páálí oògùn fẹ́ ẹ. Crépin wò ó, ó wò ó, ó ní, "Kí ni wọ́n ń pè yín?"

"Élodie. Ẹ̀yin ńkọ́?"

"Crépin."

"Ẹ kú oríire o, ẹ̀gbọ́n Crépin. Abẹ́rẹ́ náà ò tíì wọlé."

Mo rẹ́rìn-ín títí inú ń dùn mí. Crépin ò rẹ́rìn-ín. Ìfẹ́ ọmọbìnrin náà ti wọ̀ ọ́ lára.

Ọgbẹ́ náà jinná, ṣùgbọ́n Crépin ò yéé lọ sí ilé ìwòsàn. Lónìí ó ní ẹsẹ̀ ń yún òun. Lọ́la ó ní òun fẹ́ fi iṣu ta Màmá Rosalie lọ́rẹ. Èmi náà ni mo ń gbé e lọ, lọ́fẹ̀ẹ́, bí ẹni tó jẹ ẹ́ nígbèsè. Nígbà tó yá, Màmá Rosalie lé e síta, ó ní tó bá jẹ́ Élodie ló fẹ́ rí, kó dúró lábẹ́ igi òdòdó níta kó má dí àwọn aláìsàn lọ́nà.

Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ọmọ Kpankou ni Élodie, Bàbá Ògúndìran olóko òwú ni bàbá rẹ̀. Crépin náà àgbẹ̀ ni, ó fi ilé ìwé sílẹ̀ nígbà tí bàbá rẹ̀ kú. Ó fi ọdún márùn-ún ju Élodie lọ. Ó ń pè é ní "dókítà mi", òun náà ń pè é ní "akin", ẹ sì mọ ìdí. Ọdún méjì ni wọ́n ti ń fẹ́ra wọn kí ohun tí mo fẹ́ sọ yìí tó ṣẹlẹ̀. Gbogbo ènìyàn mọ̀, bàbá náà mọ̀, ó sì fẹ́ràn Crépin, nítorí pé ó rí i pé ọ̀dọ́mọkùnrin náà kì í ṣe ọ̀lẹ.

Kí ló mú kí Élodie fẹ́ ṣe dókítà? Mo bi í rí. Ó ní nílé ìwòsàn, ibi tí ọ̀rọ̀ bá le dé, wọn á ní kí wọ́n gbé aláìsàn lọ sí ìlú ńlá. Ó ní òun fẹ́ jẹ́ ẹni tí wọ́n ń gbé e lọ bá.

Lọ́dún yẹn, wọ́n já èsì ìdánwò bákì, èyí tí wọ́n fi ń wọ yunifásítì, Élodie yege. Kì í ṣe yíyege lásán o. Máàkì rẹ̀ ga débi pé ọ̀gá ilé ìwé wọn wá sí Kpankou fúnra rẹ̀ láti wá kí bàbá. Inú bàbá dùn, ó pa àkùkọ. Lẹ́yìn àkùkọ ni wàhálà bẹ̀rẹ̀.

Ṣé ẹ rí i, ẹni tó bá yege bákì máa kọ ohun tó fẹ́ kọ́ sórí kọ̀ǹpútà, wọn á wá fi máàkì tò wọ́n. Màmá Rosalie pe Élodie jókòó lábẹ́ igi òdòdó yẹn, èmi àti Crépin wà níbẹ̀.

"Gbọ́ mi dáadáa," ni Màmá Rosalie wí. "Ohun mẹ́ta ni wọ́n máa ní kí o kọ. Má fi ìṣègùn sípò kejì kí o máa rò pé o ń ṣe jẹ́jẹ́ o. Tóo bá fẹ́ ẹ, kọ ọ́ síwájú. Kọ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì tẹ̀ lé e, kọ́wọ́ rẹ má bàa ṣófo. Kò sí ìtìjú níbẹ̀."

"Tí mo bá dúró di ọdún tó ń bọ̀ ńkọ́, Màmá?"

"Kí lo máa dúró ṣe? Ohun tí mo gbọ́ ni pé àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yege ni wọ́n ń kọ́kọ́ mú. Èmi náà sọ pé màá dúró díẹ̀ nígbà tèmi. Mo bímọ mẹ́rin nínú ìdúró yẹn."

Ó dìde lọ bá àwọn aláboyún rẹ̀. Crépin ń fi igi ha ilẹ̀.

"Ọdún mélòó ni?" ó béèrè.

"Méje," ni Élodie wí.

"Méje!"

"Ti àwọn nọ́ọ̀sì, mẹ́ta. Ṣùgbọ́n tí mo bá ṣe nọ́ọ̀sì tán, tí mo bímọ, ṣé mo tún máa padà lọ bẹ̀rẹ̀ ọdún méje? O mọ̀ pé mi ò ní lè ṣe é."

Crépin ju igi ọwọ́ rẹ̀ nù. Ó ní, "Ẹ̀rù ń bà mí, Élodie. Kò yẹ kí n sọ ọ́ níwájú Táòfíkì, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà mí. O máa rí dókítà bíi tìrẹ níbẹ̀."

"Àwọn tí kì í dákú?"

Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta rẹ́rìn-ín. Élodie wá di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Olólùfẹ́ mi, ìwọ ni mo fẹ́. Ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ di ìyàwó ilé kí n tó wọ ilé ẹ̀kọ́, kí n wá máa tọrọ àyè lọ́wọ́ gbogbo ẹbí ẹ kí n tó kàwé. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ wọlé. Jẹ́ kí n yege ọdún kìíní. Lẹ́yìn náà ká wá sọ̀rọ̀ ìgbéyàwó. Ohun kan ṣoṣo ni mo bẹ̀ ọ́. Má gbé ọkọ́ dé oko bàbá mi lọ́dún yìí."

"Mi ò ní gbé e dé bẹ̀," ni Crépin wí.

Ẹni tí kò bá mọ̀ wá lè máa ronú pé kí ni ọkọ́ ń wá nínú ọ̀rọ̀ dókítà. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Lọ́dọ̀ wa níhìn-ín, tí ọkùnrin bá fẹ́ ọmọ ènìyàn, ó máa kó àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ lẹ́yìn lọ ro oko bàbá ọmọ náà. Ọ̀wẹ̀ àna là ń pè é. Ilé ọmọ á se oúnjẹ, àwọn tó ṣiṣẹ́ á jẹ ẹ́. Wọ́n bá ti jẹ ẹ́, ó parí nìyẹn. Ẹ̀ẹ̀rùn tó bá tẹ̀ lé e, ẹ wá gbéyàwó yín. Àáró yàtọ̀ sí ìyẹn. Àáró, mo bá ọ ṣe tìrẹ lónìí, ìwọ wá bá mi ṣe tèmi lọ́la, oníkálùkù ló ń gbé oúnjẹ rẹ̀ dání, kò sì sí ọmọ ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀.

Bàbá Ògúndìran ò fẹ́ gbọ́ ti ọdún méje. Kì í ṣe ènìyàn burúkú o. Ó jókòó, ó sọ ọ́ fún ọmọ rẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé, "Kọ nọ́ọ̀sì. Ọdún mẹ́ta, o ti ṣe tán. Crépin á fẹ́ ọ, wàá padà sí Adakplamè níhìn-ín, wàá máa tọ́jú wa. Kí ló kù tí o ń wá?" Nígbà tí Élodie ní ìṣègùn lòun fẹ́, ó ní kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ ná, koríko ti ń bo òwú òun mọ́lẹ̀, ẹ̀yìn sì ń dùn òun. Àwọn alágbàṣe ti sọdá lọ sí ìhà Nàìjíríà. Ó ní ẹnikẹ́ni ò ní jáde nílé òun lọ ibì kankan títí oko náà á fi mọ́.

Bẹ́ẹ̀ sì rèé, Élodie ní láti lọ sí Àjàṣẹ́ lọ gba ìwé èsì rẹ̀ kó tó lè kọ ohunkóhun. Ọjọ́ Jimọ̀ ni wọ́n máa ti kọ̀ǹpútà náà pa.

Ìgbà tí Crépin gbọ́ èyí, orí rẹ̀ gbóná. Ó wá bá mi nídìí alùpùpù mi.

"Táòfíkì, a máa ro oko yẹn lọ́jọ́ kan ṣoṣo."

"Ìwọ tí o ṣèlérí?"

"Ọ̀wẹ̀ kọ́. Àáró ni. A ò ní jẹun níbẹ̀. Oníkálùkù máa mú gààrí tirẹ̀ dání. Tí a ò bá ti jẹun, kò sí ẹni tó lè pè é ní ọ̀wẹ̀."

Ó lọ bá Màmá Thérèse, ìyá Élodie, ó ní kó jẹ́ kí ọmọ rẹ̀ máa lọ, pé oko ti rí ẹni tó máa ro ó. Màmá Thérèse sọ fún Élodie pé òun ti rí àwọn ènìyàn. Kò sọ ẹni tí wọ́n jẹ́. Élodie bọ́ sọ́nà Àjàṣẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, inú rẹ̀ ń dùn.

Lọ́jọ́ Ajé yẹn kan náà, a dé oko Bàbá kí oòrùn tó le. A pọ̀ díẹ̀. Euloge wà níbẹ̀, ọmọ ìyá Crépin, ẹni tó jẹ́ pé oúnjẹ ni ó máa ń bá lálàá. Mo fi ojú mi rí i pé Crépin mú un lápá, ó ní, "Euloge, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ ọ́." Euloge ní òun gbọ́. A ro òwú yẹn bí ẹni tí wọ́n ń lé. Nígbà tí oòrùn kàn wá lórí, ó ku díẹ̀ ká parí, a bá jókòó láti po gààrí wa.

Ìgbà yẹn gan-an la rí àwọn obìnrin lókèèrè. Màmá Thérèse ló ṣáájú, iyán wà lórí, ọbẹ̀ ẹ̀gúsí wà lọ́wọ́ ẹni tó tẹ̀ lé e, òórùn ẹran ọ̀yà gbígbẹ sì ti dé ọ̀dọ̀ wa kí wọ́n tó dé. Bàbá Ògúndìran tẹ̀ lé wọn, ó ń fi ọ̀pá rìn, ìrora ẹ̀yìn mú kó tẹ̀ síwájú, ṣùgbọ́n ẹ̀rín kún ẹnu rẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀yin ọmọ mi. Ẹ wá jẹun."

"Bàbá, ẹ ṣé o," ni Crépin wí. "A ti yó. A gbé gààrí dání."

"Gààrí kẹ̀! Lóko mi?"

Kí Crépin tó dáhùn, ọwọ́ Euloge ti wọnú iyán.

Mi ò lè purọ́ fún yín, nígbà tí òkèlè Euloge wọ ọ̀fun rẹ̀, àwọn yòókù náà na ọwọ́. Ta ló máa fi ẹran ọ̀yà sílẹ̀ nítorí gààrí? Crépin nìkan ni kò jẹ, kò sì sí ẹni tó wo ìyẹn. Bàbá gbé ọ̀pá rẹ̀ sílẹ̀, ó gbé ọwọ́ sókè.

"Crépin, àna mi. Ó pẹ́ tí mo ti ń retí ọjọ́ òní. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, lẹ́yìn Kérésìmesì, ẹ wá mú ìyàwó yín. Ọlọ́run á fi ọmọ jíǹkí yín."

Àwọn obìnrin ké "Àmín!" Báwo lo ṣe máa sọ fún àgbàlagbà tí ẹ̀yìn ń dùn, níwájú àwọn aládùúgbò rẹ̀, pé o ò wá fún ọmọ rẹ̀? Crépin dọ̀bálẹ̀, ó dúpẹ́. Ibi tó ti bà á jẹ́ nìyẹn.

Ní Kpankou, ọ̀rọ̀ ń yára ju alùpùpù lọ. Lọ́jọ́ kejì, mo lọ gbé Élodie ní ibùdókọ̀ Kétu. Kó tó gun ẹ̀yìn mi, obìnrin oníbúrẹ́dì kan ti kí i pé, "Ìyàwó, ẹ kú oríire o!" Ojú rẹ̀ yí padà. Ó ní, "Táòfíkì, kí ló ṣẹlẹ̀?" Mo sọ fún un. Ó gun ẹ̀yìn mi. Lẹ́yìn náà ó ní, "Gbé mi lọ sọ́dọ̀ rẹ̀."

Crépin ń tú ẹ̀gẹ́ lẹ́yìn ilé. Inú rẹ̀ dùn nígbà tó rí i, ṣùgbọ́n Élodie ò sún mọ́ ọn.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n Crépin. Mo gbọ́ pé ẹ ti ro oko."

"Élodie, dákun..."

"Kí ni mo bẹ̀ yín?"

"Pé kí n má gbé ọkọ́ débẹ̀."

"Kí lẹ ṣe?"

"Mo fẹ́ kí o ráyè lọ ni. Àáró ni mo pè é. Mi ò jẹun níbẹ̀. Euloge ló..."

"Euloge! Ṣé Euloge ni mo bẹ̀?" Ó ti ń sunkún. "Bàbá ti pè mí lórí fóònù. Wọ́n ní kí n kọ nọ́ọ̀sì síwájú, kí n má tilẹ̀ dárúkọ ìṣègùn, nítorí mo ti di ìyàwó yín. Wọ́n ní tí mo bá ṣe orí kunkun, àwọn máa sọ fún àbúrò wọn ní Kútọnu, níbi tí yunifásítì wà, pé kó má gbà mí sílé. Ibo ni mo máa gbé? Ẹ sọ fún mi."

"Màá lọ bá Bàbá sọ̀rọ̀."

"Ẹ máa sọ kí ni? Pé ẹ ò fẹ́ mi?"

Élodie fi etí ìborí nu ojú, ó padà wá gun alùpùpù. Inú mi bàjẹ́ gan-an lọ́jọ́ yẹn. Àwọn méjèèjì ni mo fẹ́ràn, mi ò sì mọ ẹni tí mo máa dá láre.

Lọ́jọ́rú, láàárọ̀, Crépin wá bá mi nílé. Ojú rẹ̀ pọ́n. Ó ní, "Gbé mi lọ sí Kpankou." Mo rò pé ó fẹ́ lọ bẹ Bàbá kí wọ́n sún ìgbéyàwó síwájú ni.

Bàbá Ògúndìran jókòó níwájú ilé pẹ̀lú àgbà méjì. Crépin dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Dìde, àna mi," ni Bàbá wí.

Crépin ò dìde. Ibẹ̀ ló ti sọ̀rọ̀. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́. Iṣẹ́ tí a ṣe lóko yín, àáró ni. Oko ẹ̀gẹ́ tèmi náà ti kún. Mo wá béèrè àáró mi. Mo fẹ́ kí ẹ wá bá mi ro ó lọ́jọ́ Sátidé."

Háà! Ara mi bù máṣọ. Mo ń wo ibi tí mo máa gbà sá lọ. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi, mi ò gbọ́ ọ rí pé ọkùnrin kan ní kí bàbá ìyàwó òun wá san iṣẹ́ padà. Àna kì í béèrè. Ẹni tó bá béèrè ti fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun kì í ṣe àna.

Àwọn àgbà méjèèjì wo ara wọn. Bàbá ní, "Tún un sọ."

Crépin tún un sọ.

"Ọmọ mi ńkọ́?"

"Mi ò tíì wá tọrọ ọmọ yín, Bàbá. Ọjọ́ tí mo bá wá, ẹ máa mọ̀ pé mo wá."

"Ìwọ ọmọ yìí. O rí bí ẹ̀yìn ṣe ń dà mí láàmú. O wá ní kí n wá ro oko fún ọ."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

Bàbá Ògúndìran na ọwọ́ mú ọ̀pá rẹ̀. Ọkùnrin tí kì í jẹ gbèsè iṣẹ́ ni, gbogbo Kpankou ló mọ̀ ọ́n mọ́ ọn. Ó ní, "Kò sí ẹni tí mo jẹ láàáró rí tí mi ò san. Mo máa wá. Tí mo bá sì san án tán, má fi ẹsẹ̀ rẹ tẹ ẹnu ọ̀nà mi mọ́."

Lójú ọ̀nà, Crépin ní kí n dúró. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó jókòó sínú koríko.

"Ṣé orí ẹ pé?" ni mo bi í. "O ti pàdánù rẹ̀ nìyẹn o!"

Ó gbé orí sókè. "Kí ni Bàbá ń sọ? Pé kó kọ nọ́ọ̀sì nítorí ọkọ. Mo ti yọ ọkọ kúrò. Kí ló kù tí wọ́n máa sọ?"

Mo tún tan alùpùpù mi.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nílé lẹ́yìn tí a lọ, ẹnu Màmá Thérèse ni mo ti gbọ́ ọ. Bàbá ń bínú, ó ń rìn síwá sẹ́yìn, ó ń bú Crépin. Màmá Thérèse jẹ́ kó bú u tẹ́rùn. Lẹ́yìn náà ó ní, "Bàbá Élodie, ẹ ní kọ́mọ yìí kọ nọ́ọ̀sì nítorí pé ó ní ọkọ. Ọkọ dà?"

Bàbá dẹ́kun rírìn.

"Ta là ń tọ́jú ẹ̀ dè? Ta ló ń retí ẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn?"

Bàbá jókòó. Ó wá sọ pé, "Kó lọ kọ ohun tó bá fẹ́." Ó fúnra rẹ̀ pe àbúrò rẹ̀ ní Kútọnu, ó ní kí wọ́n tún yàrá ṣe fún ọmọ òun.

Lọ́jọ́bọ̀, mo gbé Élodie lọ sọ́dọ̀ àwọn oníkọ̀ǹpútà ní Kétu. Ó kọ ìṣègùn sípò kìíní, ó kọ nọ́ọ̀sì sípò kejì. Ẹ̀kẹta, mi ò rántí mọ́. Ó tún gbogbo rẹ̀ kà kó tó tẹ bọ́tìnì tó gbẹ̀yìn. Ó tẹ̀ ẹ́. Nígbà tí a jáde, ó ní, "Táòfíkì, ṣé nítorí mi ló ṣe lọ sọ gbogbo ìyẹn fún Bàbá?"

"Bi í."

"Ojú ń tì mí."

"Kó tì ọ́," ni mo wí. "Òun náà, ojú tì í níwájú àgbà mẹ́ta."

Sátidé dé. A rò pé Bàbá máa rán ọmọ ẹlòmíràn ni. Rárá o. Ó fi ọ̀já di ìbàdí, ó kó àwọn ọmọ àbúrò rẹ̀ lẹ́yìn, wọ́n gbé oúnjẹ tiwọn dání. Kò kí Crépin. Ó yan ẹbè kan, ó tẹ̀ mọ́lẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ro ó díẹ̀díẹ̀, ó ń dúró, ó ń mí. Ojú Crépin rí nǹkan lọ́jọ́ yẹn. Ó fẹ́ lọ gba ọkọ́ lọ́wọ́ bàbá, ó mọ̀ pé òun ò gbọ́dọ̀ gbà á.

Élodie wà lára àwọn tí bàbá rẹ̀ kó wá. Ó gbé ọkọ́ léjìká, ó lọ mú ẹbè tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Crépin. Ẹbè tó kàn ni mo wà. Ẹ má bi mí bóyá mo ń gbọ́ wọn.

"Mo ti kọ ọ́," ni Élodie wí. "Sípò kìíní."

"Táòfíkì ti sọ fún mi."

"Ẹnu Táòfíkì yìí!" Ó ro díẹ̀ sí i. "Inú bí mi sí ọ gan-an."

"Mo mọ̀."

"Ó ṣì ń bí mi díẹ̀."

"Máa bínú. Mo jẹ̀bi. Ó yẹ kí n bi ọ́ kí n tó kó wọn lọ."

"Èyí tí o lọ sọ fún Bàbá ńkọ́? O ò bi mí ìyẹn náà."

"O máa ní kí n má lọ ni."

Élodie ò jiyàn. Crépin wá dúró, ó gbé ara lé ọkọ́ rẹ̀. "Mi ò ní nǹkan kan lórí ẹ mọ́, Élodie. Tí Bàbá bá ro ẹbè yẹn tán, ó parí nìyẹn. Tóo bá rí ẹlòmíràn ní Kútọnu, kò sí ẹni tó máa bi ọ́."

Élodie náà dúró. Ó wò ó lójú. "Crépin, gbọ́. Wọ́n ti fi mí fún ọ tẹ́lẹ̀, èmi ò sí nílé nígbà tí wọ́n fi mí fún ọ. Lónìí mo wà nílé. Kò sí ẹni tó rán mi. Mo nífẹ̀ẹ́ rẹ, àyànfẹ́ mi. Dúró dè mí. Tí mo bá yege ọdún kìíní, wá béèrè mi, màá sọ pé bẹ́ẹ̀ ni."

Crépin bẹ̀rẹ̀ sí í nu ojú. Òógùn ló pè é. Mo wò ó, mo ní òógùn náà pọ̀ o.

"Élodie!" Bàbá kígbe láti ọ̀ọ́kán. "Ṣé ẹnu la fi ń ro oko?"

Nígbà tí wọ́n parí, Bàbá nu ọkọ́ rẹ̀, ó ní, "Mi ò jẹ ọ́ mọ́," ó sì lọ.

Wọ́n mú Élodie. Ìṣègùn ni wọ́n fún un. Lọ́jọ́ tó ń lọ sí Kútọnu, gbogbo ilé sìn ín dé ibùdókọ̀, ṣùgbọ́n Crépin ò lè sún mọ́ wọn. Ó dúró sí òdìkejì ọ̀nà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ alùpùpù mi. Élodie juwọ́ sí i láti inú ọkọ̀, ó ń sunkún, òun náà juwọ́ sí i. Ó ṣe Crépin bí ẹni pé wọ́n fa nǹkan yọ lára rẹ̀. Kò jẹun lọ́jọ́ yẹn, kò sì fi ọ̀rọ̀ náà pa mọ́ fún mi.

Ọdún yẹn gùn. Wọ́n ní àwọn tí kì í yege ọdún kìíní pọ̀ ju àwọn tó ń yege lọ. Élodie á pè, á ní òun ti ń gbàgbé bí oòrùn ṣe rí, ìwé nìkan lòun ń wò. Nígbà míràn kò ní pè fún ọjọ́ mélòó kan, Crépin á wá máa bú alùpùpù mi láìnídìí. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, tó bá kí Bàbá Ògúndìran, Bàbá á yí ojú sí ẹ̀gbẹ́ kan. Crépin ò dá ìkíni rẹ̀ dúró o. Gbogbo ọjọ́ Àìkú ló ń kí i, gbogbo ọjọ́ Àìkú ni Bàbá ń yí ojú. Ìyá Crépin ti rí ọmọbìnrin míràn fún un ní Kétu, ó ní kó lọ wò ó lásán. Crépin ní òun ò ní nǹkan tí òun fẹ́ lọ wò.

Ọ̀sán ọjọ́ kan, a wà lọ́dọ̀ ọkùnrin tó ń tún táyà mi ṣe, fóònù Crépin dún. Mo gbọ́ igbe Élodie láti ibi tí mo dúró sí.

"Mo yege! Crépin, mo yege! Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lẹ èsì mọ́ ògiri báyìí!"

Crépin fò sókè bí ọmọdé. Ó ń sọ pé "dókítà mi, dókítà mi", kò rí ọ̀rọ̀ míràn sọ. Lẹ́yìn náà ó ní, "Kí ni Bàbá wí?"

"Mi ò tíì sọ fún wọn."

"Pè wọ́n kíákíá."

"Rárá. Ìwọ ni kí o lọ sọ fún wọn."

"Élodie, wọ́n ní kí n má tẹ ẹnu ọ̀nà àwọn."

"Mo mọ̀," ni Élodie wí. "Máa lọ."

A lọ. Bàbá Ògúndìran jókòó lórí bẹ́ǹṣì níwájú ilé, ó ń yẹ àgbàdo. Crépin ò wọ àgbàlá. Etí ọ̀nà ló dọ̀bálẹ̀ sí, nínú eruku. Bàbá rí i, ó ń yẹ àgbàdo rẹ̀ lọ.

"Kí lo wá ṣe?" ó béèrè nígbà tó yá.

"Wọ́n rán mi ni, Bàbá. Élodie ló rán mi."

Ọwọ́ Bàbá dúró lórí àgbàdo. "Ó yege?"

"Ó yege, Bàbá."

"Ìyá Élodie!" Bàbá ké, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ já, kò dé inú ilé. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ó wá ń wo Crépin níbi tó dọ̀bálẹ̀ sí, ó wò ó pẹ́, mo sì ń gba gbogbo àdúrà tí mo mọ̀ nínú mi.

Ó sún kúrò láàárín bẹ́ǹṣì náà sí ẹ̀gbẹ́ kan.

"Wá jókòó," ni ó wí.

Crépin dìde, ó gbọn eruku ara rẹ̀ nù, ó wọ àgbàlá. Mo pa alùpùpù mi, mo lọ wá ibi ìbòòji jókòó sí.